Mọ́tò Gúnlẹ̀ sí Tin Can: Ta Ló Gbà Á, Ta Ló Fà Á Lé Ta Lọ́wọ́?

Ọkọ̀ òkun tó ń kó mọ́tò kò nílò kírénì. Bó bá ti fara ti èbúté Tin Can l'Ékòó, tí wọ́n sì ti fi okùn dè é mọ́ òpó irin, afárá ńlá kan á bẹ̀rẹ̀ sí í rọra sọ̀ kalẹ̀ lára rẹ̀ títí yóò fi tẹ́ lé ilẹ̀. Bọ́ọ̀sì kékeré kan á kó àwọn dẹ́rẹ́bà wọlé. Láìpẹ́, mọ́tò á máa yọ lọ́kọ̀ọ̀kan: Corolla, Camry, Sienna, jíìpù, orí tírélà, katapílà pàápàá. Ẹni tó wa ọ̀kan jáde á lọ gbé e sí àyè tí wọ́n fi hàn án ní gbàgede, á bọ́ sílẹ̀, á tún wọ bọ́ọ̀sì padà sínú ọkọ̀ òkun. Bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò máa ṣe é tọ̀sán-tòru títí inú ọkọ̀ náà yóò fi ṣófo.

Ẹni tó dúró lókèèrè lè rò pé wíwa mọ́tò ni iṣẹ́ ibẹ̀. Iṣẹ́ ibẹ̀ gan-an ni gbígbà àti fífà léni lọ́wọ́. Mọ́tò tó kúrò lọ́wọ́ ẹni tó tà á ní Maryland l'Amẹ́ríkà, kó tó dé ọwọ́ ẹni tó sanwó rẹ̀ n'Íbàdàn, á ti kọjá lọ́wọ́ ẹni tó gbé e dé èbúté lọ́hùn-ún, lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣọ́ gbàgede ibẹ̀, lọ́wọ́ ọ̀gá ọkọ̀ òkun, lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tẹ́mínà tó ń gba ẹrù l'Ékòó, lọ́wọ́ aṣọ́bodè, lọ́wọ́ ajẹ́ńtì tó ń bá olówó gba ẹrù jáde. Níbikíbi tí ọwọ́ bá ti pàdé ọwọ́, ó yẹ kí ẹnì kan wo mọ́tò náà dáadáa, kó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti fo èyí dá ni díńgí ti ń sọnù tí ẹnikẹ́ni kì í mọ ẹni tó mú un, ibẹ̀ náà sì ni owó ti ń jò lápò ẹni tó ni mọ́tò. Àwọn èèyàn a máa di ẹ̀bi ru ìrìn-àjò orí òkun. Orí ilẹ̀ ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wò.

Èbúté Tin Can fúnra rẹ̀, ẹrù tí kò rí ibi sọ̀ sí ló bí i. Ní 1975, ní ayé ìjọba ológun, Nàìjíríà ra sìmẹ́ńtì tó pọ̀ ju ohun tí Àpápá lè gbà lọ fíìfíì. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ òkun tò sórí omi, òmíràn fún ọ̀pọ̀ oṣù, owó ìdádúró sì ń gun orí ara wọn lójoojúmọ́. Wọ́n yára kọ́ èbúté tuntun sí ẹ̀gbẹ́ Àpápá, wọ́n sì ṣí i ní 1977. Ní 2006, Àjọ Èbúté Nàìjíríà, NPA, fa iṣẹ́ ojoojúmọ́ lé àwọn iléeṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́: àjọ náà di onílẹ̀, àwọn iléeṣẹ́ sì di ayálégbé tó ń gba ẹrù. Nínú wọn, orúkọ méjì ni àwọn oníṣòwò mọ́tò mọ̀ jù ní Tin Can: Five Star Logistics, àti PTML tó jẹ́ ti Grimaldi, iléeṣẹ́ àwọn ará Ítálì tí oríkò rẹ̀ wà ní Naples. Grimaldi ní ọkọ̀ òkun kan tí wọ́n ń pè ní Grande Lagos. Àwọn tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn fún ọ̀nà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí Great Lagos jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, lè kó mọ́tò 2,500 àti kọ̀nténà 2,000 lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọjà ọ̀hún kì í ṣe kékeré. UNEP, ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, kọ ọ́ sínú ìwé kan ní 2020 pé láàrin 2015 sí 2018, mọ́tò àlòkù mílíọ̀nù 14 ni wọ́n kó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn kárí ayé, àti pé nǹkan bí ogójì nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló wá sí Áfíríkà.

Gbígbà àkọ́kọ́ kì í ṣẹlẹ̀ l'Ékòó. Baltimore, Newark, Jacksonville tàbí Antwerp ni, tàbí Tilbury tó wà létí odò Thames nítòsí London, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń gbé Ìlú Ọba ti máa ń fi mọ́tò ránṣẹ́ sílé. Baltimore nìkan, mọ́tò àti ọkọ̀ akẹ́rù kéékèèké 847,158 ló gba ibẹ̀ kọjá ní 2023, tuntun àti àlòkù, àwọn tó ń wọlé àti àwọn tó ń jáde. Òfin Amẹ́ríkà ní kí ẹni tó bá fẹ́ kó mọ́tò àlòkù jáde gbé mọ́tò náà, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí pé òun ló ni ín, síwájú aṣọ́bodè, ó pẹ́ tán, ní wákàtí 72 ṣáájú kí ọkọ̀ òkun tó gbéra. Mọ́tò jíjí ni wọ́n ń wá. Ẹni tó bá rán ìwé síwájú tí mọ́tò kò sì tíì dé gbàgede, ọkọ̀ òkun á lọ, á fi tirẹ̀ sílẹ̀.

Ó yẹ kí wọ́n tún wo nǹkan mìíràn níbẹ̀, ìyẹn bátìrì. Kí mọ́tò àlòkù tó wọ ọkọ̀ òkun, ó yẹ kí wọ́n yọ wáyà kúrò lórí bátìrì rẹ̀, kí wọ́n sì dì í kó má lè fara kan irin. Létí, nǹkan tí kò tó nǹkan ni. Ní 4 Oṣù Kẹfà 2020, ní Jacksonville ní ìpínlẹ̀ Florida, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó mọ́tò àlòkù 2,420 sínú ọkọ̀ òkun Höegh Xiamen tán ni iná sọ nínú rẹ̀. Panápaná mẹ́sàn-án fara pa nígbà tí nǹkan bú gbàmù lójú wọn. Ọkọ̀ òkun náà kò ṣeé tún ṣe mọ́, àdánù rẹ̀ àti ti ẹrù inú rẹ̀ sì tó mílíọ̀nù 40 dọ́là. Nígbà tí NTSB, àjọ tó ń ṣèwádìí ìjàǹbá ní Amẹ́ríkà, tú ọ̀rọ̀ náà wò, ó rí i pé ọ̀pọ̀ mọ́tò ni wọn kò yọ wáyà bátìrì wọn bó ṣe yẹ, àti pé àwọn tó yẹ kó mójú tó iṣẹ́ náà kò mójú tó o.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní 5 Oṣù Keje 2023, ó kan Newark. Inú ọkọ̀ òkun Grande Costa d'Avorio ni tọ̀tẹ̀ yìí. Àwọn òṣìṣẹ́ èbúté ń fi jíìpù Wrangler kan ti àwọn mọ́tò tí kò lè rìn wọlé, iṣẹ́ tí wọn kò ṣe jíìpù náà fún. Epo jíà rẹ̀ gbóná kọjá ààlà, ó sì gbiná. Panápaná méjì kú sínú ọkọ̀ òkun náà. Ohun tó so ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì pọ̀ ni pé ojú agbami kọ́ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ìdí èbúté ni, nígbà tí wọ́n ń gba mọ́tò wọlé.

Ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ bátìrì yìí, ẹnu kò ní yà á tó bá rí i tí ọ̀pọ̀ mọ́tò ń dé Èkó tí kò lè jí. Bátìrì ti wà láìní wáyà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, òmíràn tilẹ̀ ti kú kó tó wọ ọkọ̀ òkun. Nítorí náà, àwọn kan wà nínú àwọn òṣìṣẹ́ tó jẹ́ pé bátìrì alágbára àti wáyà pupa àti dúdú ni irinṣẹ́ wọn. Wọ́n á so ó mọ́ ọn, dẹ́rẹ́bà á ṣíná, tó bá jí, wọ́n á já a, wọ́n á kọjá sórí èkejì. Èyí tó bá kọ̀ pátápátá, wọ́n á wọ́ ọ jáde tàbí kí fọkilífìtì gbé e. Fọkilífìtì yìí gba àkíyèsí. Bí irin rẹ̀ bá wọ abẹ́ mọ́tò láìfarabalẹ̀, ó lè tẹ páìpù tàbí kó lu abẹ́ ẹ́ńjìnnì, ibi tí ojú kì í tètè dé.

Ẹsẹ̀ afárá irin ni akọ̀wé tẹ́mínà máa ń dúró sí. Ká mú Corolla kan gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀, tí gbogbo èèyàn ń pè ní VIN, jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 17. Láti 1981 ni Amẹ́ríkà ti sọ iye yẹn di dandan. Ó wà ní igun gíláàsì iwájú lápá ibi tí dẹ́rẹ́bà ń jókòó sí, ó sì tún wà lára férémù ilẹ̀kùn. Bí èyí àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ bá jẹ́ J, Japan ni wọ́n ti tò ó. Bó bá jẹ́ 2, Kánádà ni. Ìkẹwàá ló ń sọ ọdún rẹ̀: A fún 2010, B fún 2011, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Akọ̀wé á fi ẹ̀rọ kékeré ọwọ́ rẹ̀ kà á, tàbí kó fojú kà á, á fi wé ìwé ẹrù tí ọkọ̀ òkun gbé wá. Lẹ́yìn náà ni yóò yí mọ́tò náà po. Iná iwájú lápá òsì ti sán. Ó kọ ọ́. Bọ́ńpà ẹ̀yìn ti ha. Inú ìwé ọwọ́ rẹ̀ ni àwòrán mọ́tò wà, iwájú, ẹ̀yìn, ọ̀tún àti òsì, ó sì fi bírò yí ibi tó ha po. Sípíà táyà kò sí níbẹ̀; ó kọ ọ́. Kọ́kọ́rọ́ ẹyọ kan ṣoṣo. Ó kọ ìyẹn náà. Aṣojú ọkọ̀ òkun fọwọ́ sí i, aṣojú tẹ́mínà fọwọ́ sí i. Láti ìgbà náà lọ, ohunkóhun mìíràn tó bá fọ́ tàbí tó bá sọnù lára Corolla yẹn, ọrùn tẹ́mínà ló wà.

Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ òkun kan lè gbé mọ́tò tó ju ẹgbẹ̀rún lọ wá, ó sì ń sanwó fún gbogbo wákàtí tó fi dúró létí èbúté. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí òjò ń rọ̀, tí mọ́tò ń sáré bọ̀ lórí afárá, ìṣẹ́jú mélòó ni akọ̀wé yóò fún ọ̀kọ̀ọ̀kan? Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń lo gbólóhùn kan náà fún gbogbo mọ́tò: àlòkù ni, ó ti ha, ó ti wọnú. Irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ dáàbò bo ọkọ̀ òkun, ó dáàbò bo tẹ́mínà, kò dáàbò bo ẹni tó ni mọ́tò rárá. Bó bá dé tí kò bá rí rédíò rẹ̀, kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé rédíò wà níbẹ̀ nígbà tí mọ́tò sọ̀ kalẹ̀. Èyí ló yẹ kí àwọn tó ń ṣàkóso èbúté kọ́kọ́ tún ṣe, ṣáájú kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ tuntun kankan, nítorí kámẹ́rà fóònù lásán tó láti ṣe é: àwòrán mẹ́rin fún mọ́tò kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú déètì àti VIN.

Láti gbàgede ni ọ̀rọ̀ ti ń di ọ̀rọ̀ ìwé. Ẹni tó ni ẹrù gbọ́dọ̀ mú bill of lading, ìwé tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òkun fi jẹ́rìí pé àwọn gba ẹrù náà, lọ bá aṣojú ọkọ̀ òkun, kó san ohun tó kù, kí wọ́n sì fún un ní ìwé àṣẹ pé kí tẹ́mínà fà á lé e lọ́wọ́. Aṣọ́bodè gbọ́dọ̀ gba owó ibodè, kí wọ́n sì tú mọ́tò náà sílẹ̀. Tẹ́mínà náà yóò gba owó iṣẹ́ àti owó àyè. Ọjọ́ díẹ̀ ni mọ́tò fi ń wà ní gbàgede lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo ọjọ́ tó bá sùn síbẹ̀ ló ń jẹ owó. Bí ọ̀kan bá fà sẹ́yìn nínú àwọn mẹ́ta yìí, owó á máa ṣàn fún ẹlòmíràn, ẹni tó sì fa ìdádúró náà lè má san kọ́bọ̀ nínú rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ aṣọ́bodè ni ìjà ti ń le jù. Ní 2022, owó ibodè mọ́tò àlòkù di 20 nínú ọgọ́rùn-ún iye rẹ̀, pẹ̀lú àfikún 15 nínú ọgọ́rùn-ún tí ìjọba ní òun fi ń ran àwọn tó ń to mọ́tò nílé lọ́wọ́, kí wọ́n tó tún ka owó orí ọjà mọ́ ọn. Ìbéèrè tó wá kù ni pé: iye wo? Tẹ́lẹ̀, òṣìṣẹ́ aṣọ́bodè àti ajẹ́ńtì ló máa ń dúnàá-dúrà lórí rẹ̀, àyè rìbá sì gbòòrò níbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022, wọ́n ní kí kọ̀ǹpútà máa fi VIN sọ iye mọ́tò. Àwọn ajẹ́ńtì ní iye tí ó ń sọ ga ju ti ọjà lọ, àti pé kò mọ̀ pé mọ́tò tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti kọ lu nǹkan, tí iwájú rẹ̀ ti run. Wọ́n pa iṣẹ́ tì ní Oṣù Kejì ọdún náà. Aṣọ́bodè dá ètò náà dúró fún oṣù kan, wọ́n sì tún gbé e padà.

Àwọn méjèèjì ló ní ẹ̀tọ́ tiwọn. Iye tí a fi nọ́ńbà mọ̀ ń dí ọ̀nà rìbá. Ṣùgbọ́n VIN Camry tí tírélà gbá kò yàtọ̀ sí ti ìgbà tó jáde kúrò ní iléeṣẹ́. Bí kò bá sí ẹni tó lọ wò ó ní gbàgede tó sì kọ ohun tó rí, olówó á san owó ibodè mọ́tò tó pé pérépéré lórí èyí tó fẹ́ tú fún pààtì.

Owó náírà tún dá kún un. Ní ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹfà 2023, nǹkan bíi náírà 422 ni aṣọ́bodè fi ń ṣírò dọ́là kan. Nígbà tí yóò fi di Oṣù Kejì 2024, ó ti kọjá 1,400, ó sì ń yí padà fẹ́rẹ̀ẹ́ lójoojúmọ́. Ajẹ́ńtì tó ti gba owó lọ́wọ́ oníbàárà rẹ̀ á dé báńkì, á bá a pé kò tó mọ́. Lọ́jọ́ 23 oṣù yẹn, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ní kí aṣọ́bodè máa lo iye dọ́là ọjọ́ tí oníṣòwò ṣí Form M, ìwé tó fi ń kéde ẹrù tó fẹ́ kó wọlé, títí iṣẹ́ lórí ẹrù náà yóò fi parí. Ó dẹ àwọn tó ní Form M lára díẹ̀, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ mọ́tò, owó àyè ní gbàgede ti ga jù kí ọ̀rọ̀ náà tó dé.

Bashir Adewale Adeniyi, tó di ọ̀gá àgbà aṣọ́bodè ní 2023, ti mú ètò kọ̀ǹpútà tuntun kan wọlé tí wọ́n ń pè ní B'Odogwu, PTML sì ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò. Ní Oṣù Kẹrin 2024, Ààrẹ Tinubu ṣí ètò National Single Window, tó fẹ́ kí gbogbo àjọ tó ń fọwọ́ kan ẹrù máa gba ìwé lójú kan ṣoṣo. Àwọn tó ń kó mọ́tò wọlé fẹ́ rí i pé ó ṣiṣẹ́, torí pé nígbà náà, ìwé kan náà ni wọ́n ń gbé ká láti tábìlì dé tábìlì.

Kútọnu náà kò ṣeé fò dá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ibẹ̀ ni ọ̀nà àbùjá: ọkọ̀ òkun á já mọ́tò sílẹ̀ ní èbúté orílẹ̀-èdè Benin, àwọn oníṣòwò á kó o sí gbàgede ńláńlá, àwọn dẹ́rẹ́bà á sì wà á gba Sẹ̀mẹ̀ wọ Èkó. Owó ibodè Benin kéré, iṣẹ́ ibẹ̀ sì yá. Ní 1 Oṣù Kìíní 2017, Nàìjíríà fòfin de kíkó mọ́tò wọlé gba orí ilẹ̀. Láti Oṣù Kẹjọ 2019 títí di Oṣù Kejìlá 2020, ó ti bodè náà fún ẹrù pátápátá. Ọjà Kútọnu sọ̀ kalẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn láti Àjàṣẹ́ dé Bàdágírì tó ń fi iṣẹ́ náà jẹun rí ìṣòro. Mọ́tò kò ṣíwọ́ wíwọlé, inú igbó ló ń gbà báyìí, kò sì sí ẹni tó fọwọ́ sí ìwé gbígbà rẹ̀. Ẹni tó rà á kò ní ẹnikẹ́ni láti pè lẹ́jọ́, aṣọ́bodè sì lè dá a dúró nígbàkigbà lójú ọ̀nà márosẹ̀, kí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé e.

Ọjọ́ tí mọ́tò máa jáde ní Tin Can, ajẹ́ńtì á kó gbogbo ìwé wá, wọ́n á sì bá a wá mọ́tò náà kiri gbàgede. Ó ti di aláwọ̀ eérú. Táyà kan ti rọ̀, bátìrì tún ti kú, epo inú rẹ̀ kò tó dé géètì. Àwọn tó ń ta epo inú kẹ́ẹ̀gì àti àwọn oníbátìrì mọ iṣẹ́ wọn. Lẹ́nu géètì, òṣìṣẹ́ aṣọ́bodè á tún fojú ka VIN lórí gíláàsì, á fi wé ìwé ìtúsílẹ̀. Bí lẹ́tà kan ṣoṣo kò bá bá ara mu, mọ́tò á padà sẹ́yìn. Lẹ́yìn géètì, ọ̀nà Coconut sí Mile 2 ló kù, láàrin àwọn tírélà, títí tí yóò fi dé ọjà mọ́tò Berger tàbí kó kọjá lọ sí ìlú mìíràn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣe àṣìṣe tó wọ́n jù ni ìṣẹ́jú díẹ̀ ṣáájú géètì yẹn. Òfin Hague, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Brussels ní 1924, tí Nàìjíríà sì ti fi sínú òfin tirẹ̀ láti ayé àwọn òyìnbó, ní kí ẹni tó ń gba ẹrù kọ̀wé nípa ohun tó bàjẹ́ nígbà tó ń gbà á lọ, tàbí láàrin ọjọ́ mẹ́ta bí àbùkù náà kò bá hàn síta. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á kà á sí pé ó gba ẹrù náà bí ìwé ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀, òun ni yóò sì máa wá ẹ̀rí kiri. Lábẹ́ òfin yẹn, ọdún kan péré ló ní láti fi pe ọkọ̀ òkun lẹ́jọ́.

Nítorí náà, àwọn ajẹ́ńtì tó mọṣẹ́ kì í ṣíná mọ́tò kí wọ́n tó yí i po. Wọ́n á ya VIN, wọ́n á ya ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, iye máìlì tó ti rìn, inú búùtù, abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ibi tí fọkilífìtì lè ti fara kàn. Wọ́n á gbé àwòrán tí wọ́n rán láti Baltimore tàbí Tilbury jáde lórí fóònù, wọ́n á fi wọ́n wé ara wọn níbẹ̀. Ohun tó bá yàtọ̀, wọ́n á ní kí aṣojú tẹ́mínà kọ ọ́ sórí ìwé ìjáde kí àwọn tó fọwọ́ sí i. Bí aṣojú náà bá ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé mọ́tò jáde, kí wọ́n wá kọ̀wé ẹ̀sùn lẹ́yìn, wọn kì í gbà, nítorí pé lẹ́yìn géètì, kò sí ìwé kankan mọ́ tí tẹ́mínà tún máa fọwọ́ sí.